Àjàyí Crowther: Ẹni tí Ogun Kó Lẹ́rú, tí Kò Fi Ìtàn Rẹ̀ Dá Ogun Sílẹ̀

   

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí a ṣe gbẹ̀yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ara wọn léṣe. Bàbá kan náà ni ó bí bàbá àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́sáláṣí, èkejì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan mú wàásù kan jáde lórí fóònù rẹ̀, wàásù tí ó dá lórí ogun tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ jà láyé àtijọ́ àti bí Ọlọ́run ṣe fi ọ̀tá lé wọn lọ́wọ́. Èkejì náà ní tirẹ̀ nínú fóònù, ó sì gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kúrò lórí ogun àtijọ́. Ara wọn gan-an ni wọ́n ń pè ní ọ̀tá Ọlọ́run. Àwa àgbà ni a là wọ́n.

A parí ìjà, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, oorun kò kùn wá. Àwa tí a wà ní Kàdúná ní oṣù kejì àti oṣù karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí ọ̀rọ̀ òfin Ṣàríà di ìjà, tí a sì tún wà níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, a mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ṣọ́ọ̀bù jóná. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ Kristẹni kó lọ sí apá gúúsù odò, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí apá àríwá. Àwa ọmọ Yorùbá tí ẹ̀sìn méjèèjì wà nínú ilé wa kò mọ apá ibi tí a ó kó sí.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ẹnì kan fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ orúkọ rẹ̀: Samuel Àjàyí Crowther, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Ibẹ̀ ni àwọn tíṣà máa ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Apá ibi tí ó kan àwa àtìpó jù lọ, wọn kì í sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ní agbègbè Ìṣẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ó dojú bolẹ̀ wáyé. Nígbà náà, rúkèrúdò ti ń fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sí wẹ́wẹ́. Àfọ̀njá ní Ìlọrin ti kẹ̀yìn sí Aláàfin, ogun sì ń jà káàkiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí àwọn obìnrin ṣe ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun wọ Òṣoògùn. Bàbá Àjàyí sáré wálé láti ojú ìjà, ó kìlọ̀ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ pé kí wọ́n sá, ó sì padà síbi tí ó ti wá. Ọmọ náà kò tún fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́. Wọ́n mú ìyá, wọ́n mú Àjàyí àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn bí ẹran.

Ta ni ó kó wọn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó ní àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun náà, Fúlàní sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn ń sọ èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Bí ẹnì kan bá wà tí ó ní ẹ̀tọ́ láti dàgbà pẹ̀lú ìkórìíra sí Mùsùlùmí, sí Fúlàní, àní sí àwọn ará Ọ̀yọ́ pàápàá, ọmọ náà ni.

Ìyà rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Lẹ́yìn tí ó ti padà bá ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n tún yà wọ́n. Nígbà tí ó gbọ́ pé òyìnbó létí òkun ni wọn yóò tà á fún, ó gbìyànjú lóru láti fi ìgbànú ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti parí rẹ̀. Tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á kẹ́yìn kí ó tó dé Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú tó kù, 187 ni gbogbo wọn, sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon fi gbá wọn mú, tí ó sì gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀. Oṣù kẹfà ni ó gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone.

Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kẹ́kọ̀ọ́ ìwé àti iṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ó fẹ́ Susan, ẹni tí òun náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú oko ẹrú.

Ẹ má gbàgbé pé àtìpó ni gbogbo wọn ní Freetown. Àwọn Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, àwọn Ìjẹ̀ṣà, àwọn Ìjẹ̀bú, àwọn Ọ̀yọ́. Nílé, ọ̀pọ̀ wọn ti bá ara wọn jagun rí. Ní Freetown, àwọn aráàlú gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní ẹ kú tibí, ẹ kú tọ̀hún, wọ́n sì sọ gbogbo wọn ní Àkú. Àwọn kan nínú wọn ń ṣe Ìsìláàmù, àwọn kan gba Jésù, àwọn mìíràn di òrìṣà wọn mú. Orúkọ Yorùbá pàápàá, tí à ń jẹ́ tayọ̀tayọ̀ lónìí, àwọn ará Ọ̀yọ́ nìkan ni ó ń tọ́ka sí nígbà náà. Ìwé tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di orúkọ gbogbo wa. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí à ń ṣe lónìí ní ìlú àlejò, àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é.

Nígbà tí Crowther ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó fẹ́ràn láti máa bá àwọn Mùsùlùmí Freetown jiyàn. Ó ń fi ọ̀rọ̀ bá ẹ̀sìn wọn jà. Ó rí i pé bí òun bá ti ń jiyàn tó ni ọkàn wọn ń le tó. Kò sí ẹni tí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí pé ó borí rẹ̀ nínú iyàn. Ó kọ́gbọ́n, ó sì yí ọwọ́ padà. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, nígbà tí ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, inú Ìhìnrere Lúùkù ni ó ti mú ọ̀rọ̀, níbi tí áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ti wá bá Màríà. Ìtàn yìí kan náà wà nínú Kùránì. Àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó wá gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1837, wọ́n ní kí ó kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un lẹ́rú, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan. Ó sọ ohun gbogbo, okùn, ẹkún, iná, kò fi ọ̀kan bò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ pe ọjọ́ tí ogun kó wọn lórúkọ, ó ní ọjọ́ burúkú ni, síbẹ̀ wọ́n ti kọ́ òun láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí pé ọ̀nà yẹn ni Ọlọ́run gbà mú òun dé ibi tí òun dé. Kò fi gbèsè ẹ̀jẹ̀ sọ́rùn ẹ̀yà kankan. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀ pé nígbà tí o bá dàgbà, báyìí ni kí o ṣe fún àwọn lágbájá.

Ní ọdún 1841, ó tẹ̀lé ọkọ̀ àwọn òyìnbó lọ sí Odò Ọya. Ibà pa nǹkan bí 40 nínú àwọn òyìnbó náà. Ní ọdún 1843, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní London, ní ọdún 1846 ó sì dé Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀, Àfàlà, gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ó sì wá a wá. Ó ti tó ọdún 25 tí wọ́n ti fojú kan ara wọn. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kò lè jáde lẹ́nu wọn. Nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1848, Hannah ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé Hannah ni ìyá Samuel nínú Bíbélì.

Kí a má tan ara wa jẹ o. Crowther kì í ṣe áńgẹ́lì. Ní ọdún 1851, ó lọ sí London, ó rí Ọbabìnrin Victoria, ó sì wà lára àwọn tí ó rọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ Èkó kí òwò ẹrú lè dópin. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn ńlá lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ jáde, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Òwò ẹrú dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣàn, òmìnira Èkó sì bá a lọ. Ẹni tí ó ń wá àlàáfíà náà lè gbé ọwọ́ lé ìbọn nígbà tí ó bá dá a lójú pé ẹjọ́ rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tí ó tóbi jù tí ó ṣe ni Bíbélì Yorùbá. Ìwé Róòmù jáde ní ọdún 1850, odindi Bíbélì sì parí ní ọdún 1884, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn mìíràn bíi Thomas King. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Àdúrà, wàásù, àlùfáà, wòlíì, àlàáfíà: ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo wọn, èdè Lárúbáwá sì ni orísun wọn. Bíbélì kò jù wọ́n nù. Nítorí náà, nígbà tí Kristẹni bá kúnlẹ̀ láti gba àdúrà fún àlàáfíà, ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí mú wọ ilé ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí ó fẹ́ jà ní ìpàdé wa kò mọ èyí. Àwa náà kò sì sọ ọ́ fún wọn rí.

Ṣùgbọ́n apá kejì wà. Àwọn atúmọ̀ náà mú Èṣù, òrìṣà tí ó ń gbé ẹbọ dé ìsálú ọ̀run, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀tá Ọlọ́run inú Bíbélì. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ kèfèrí fún àwọn tí kò sí nínú ẹ̀sìn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń wo ìṣẹ̀ṣe bàbá wọn bí iṣẹ́ ẹni ibi, tí àwọn onísẹ̀ṣe sì ń ráhùn títí di òní. Ọwọ́ kan náà tí ó na afárá sí Mùsùlùmí ni ó mọ ògiri sí iwájú onísẹ̀ṣe. Ọ̀rọ̀ kan péré, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, kò tíì tán nílẹ̀.

Láti ọdún 1857 ni Crowther ti gbájú mọ́ ilẹ̀ Odò Ọya. Ní ọdún náà, ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà. Ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha àti ní Gbebe, lẹ́yìn náà ní Lọ́kọ́ja. Ó kọ ìwé lórí èdè Ìgbò, ó sì kọ lórí èdè Tápà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Àtìpó ni ó tún jẹ́ níbẹ̀ yẹn. Kò ní ilẹ̀, kò ní ọmọ ogun. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò lọ kí ọba ìlú, yóò tọrọ àyè, yóò kọ́ èdè wọn, yóò sì kọ́ ọmọ wọn ní ìwé. Masaba, ọba àwọn Tápà ní Bídà, Mùsùlùmí tí ó tún jẹ́ Fúlàní, gbà á ní àlejò, ó sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ṣe é dáadáa. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson mọ́lẹ̀ ní agbègbè Idah, ó ń béèrè owó kí ó tó tú wọn sílẹ̀. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Fell wá gbà wọ́n. Wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà pa Fell. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí wọ́n mú Crowther nígbèkùn. Síbẹ̀ kò fi Odò Ọya sílẹ̀.

Ibi tí ó wọ̀ wá lára jù ni ti ọdún 1872. Ní ọdún náà, Crowther wọ ààfin Ẹ́míà Ìlọrin. Ẹ rántí ọdún 1821. Ọdún 51 ti kọjá lórí ogun Òṣoògùn. Inú rúkèrúdò tí ó gbé Ìlọrin dìde ni ogun yẹn ti jáde. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin ti di arúgbó bíṣọ́ọ̀bù, ó wá jókòó láàárín àwọn ìjòyè Mùsùlùmí. Wọ́n ń bi í ní ìbéèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Kò jiyàn. Kò bú Ànábì. Kò mẹ́nu ba okùn ọrùn rẹ̀. Ìwé tí ó túmọ̀ ni ó ń ṣí, ó ń fi Yorùbá tí gbogbo wọn gbọ́ ka ìdáhùn fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì túká ní àlàáfíà. Kò sí ẹni tí ó yí ẹ̀sìn padà lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó fa idà yọ.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ korò. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere dé ní ìparí àwọn ọdún 1880, wọ́n kẹ́gàn àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1890. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìwé tí ó kọ nípa bí a ṣe lè bá Mùsùlùmí gbé kí a sì bá wọn sọ̀rọ̀ jáde ní ọdún 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ wo ni a fẹ́ mú níbẹ̀? A kò lè fa àwọn ojú ewé ogun ya kúrò nínú ìwé ẹ̀sìn. Ogun wà nínú Bíbélì, ogun wà nínú ìtàn Ìsìláàmù, ogun wà nínú ẹsẹ Ifá. Ṣùgbọ́n ìtàn Yúsúfù wà nínú Bíbélì, ó sì gba odindi súrà kan nínú Kùránì: ọmọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà, tí ó di olóyè ní ilẹ̀ àjèjì, tí ó sì dárí jì wọ́n nígbà tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn Ìsìláàmù náà sọ pé nígbà tí àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ sá kúrò ní Mẹ́kà, ọba Kristẹni kan, Nàjáṣì ti Hábáṣà, ni ó gbà wọ́n. Wọ́n ka ìtàn Màríà sí i létí, ó sunkún, kò sì fà wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́. Èwo nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí ni a máa ń sọ fún ọmọ wa kí wọ́n tó sùn? Bí àwa kò bá sọ ọ́, ẹni tí ó wà nínú fóònù yóò sọ tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti ará Òkè Ọya nìkan ni à ń wí. Ní oṣù keje ọdún 1999, ọ̀rọ̀ Orò ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Ṣàgámù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀san rẹ̀ dé Kánò, ó sì já lé àwọn àtìpó bíi tiwa tí kò sí ní Ṣàgámù rárá. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún àlejò nílé wa, àwa ni a ó san án ní ilé àlejò.

A ti pe àwọn ọmọkùnrin méjèèjì padà. A jókòó, a sì sọ ìtàn Òṣoògùn fún wọn títí dé ààfin Ìlọrin. Wọn kò dì mọ́ ara wọn, a kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń lọ sí mọ́sáláṣí béèrè bóyá òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tiwọn ni àdúrà. Èyí tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ó dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. A mú ìyẹn bí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù bí a ti ń ṣe é, lẹ́yìn ìsìn àti lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dání. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a tún fojú rí irú ọdún 2000 mọ́. Àṣẹ.